Bíró Pupa Nínú Bíbélì Ẹ̀gbọ́n Mi

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni pé mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì bí ìwé mímọ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa: ta ló kọ ọ́, ta ló dà á kọ, ta ló fi tirẹ̀ kún un, ta ló yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ fún ará Ifẹ̀ kan, yóò kọ́kọ́ wò mí tìyanu-tìyanu, yóò wá bi mí pé, "Ìjọ wo lẹ wá ń lọ, sà?" Ìbéèrè yẹn máa ń bí mi nínú. N kì í ṣe onísùúrù ènìyàn, n kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹnìkan ṣáà ti sọ pé wọ́n ti kọ ọ́, ó ti parí, ẹnu mi á ti là kí làákàyè mi tó dé. Mo ti fi ẹnu yìí borí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Nínú gbogbo wọn, ẹnìkan ṣoṣo ni mo kábàámọ̀ pé mo borí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi jù mí lọ. Ìyá wa kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi ló sì gbà mí tọ́. Òun náà ló kọ́ mi ní ìwé kíkà, kì í ṣe ní ilé ìwé, ní ẹ̀yìnkùlé baba wa ni, lórí àpótí, lẹ́yìn tó bá ti fọ abọ́ tán. Bíbélì Yorùbá tí ìyá wa fi sílẹ̀ la fi ń kà. Bí mo bá méfò, yóò fi ìka kó mi lórí, yóò ní, "Ohun tó wà níbẹ̀ ni kó o kà. Má ka èyí tó wà nínú ikùn rẹ." Nígbà tó yá ó di tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣe iṣẹ́ mìíràn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìwé kò lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má wá àṣìṣe inú rẹ̀, títí kan bébà tí wọ́n fi di ẹ̀pà. Bíró pupa kì í wọ́n nínú báàgì rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló kúrò ní ìjọ tí wọ́n bí wa sí, tó lọ dara pọ̀ mọ́ ìjọ aláṣọ funfun kan ní Modákẹ́kẹ́, kò jìnnà sí ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo bi í pé ta ló ń bá wọn fọ gbogbo aṣọ funfun yẹn nínú ẹrẹ̀ Modákẹ́kẹ́. Òun náà kì í dá mi sí. Dókítà ló ń pè mí, yóò sì fi kún un pé dókítà tí kò lè gún adìẹ lábẹ́rẹ́. Báyìí la ṣe ń gbé e, a ò bínú síra wa. Bíbélì kan náà ni àwa méjèèjì ń ṣí. Òun ń ṣí i kó lè gbàdúrà, èmi ń ṣí i kí n lè bi í ní ìbéèrè.

Ọ̀sán Sátidé kan nínú òjò ló ránṣẹ́ pè mí. Fóònù la máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó gun ọkàdà ní Mayfair níbi tí mò ń gbé. Òjò pa mí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fún mi ní táwẹ́ẹ̀lì, ó gbé tíì síwájú mi, ó wá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Kókó kan wà ní ọyàn òun lápá òsì, ó ti lé ní oṣù mẹ́rin.

Mo pariwo. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì tì mí bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà lórí rẹ̀ nínú ìjọ. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń gbé ọwọ́ lé òun lórí. Láràárọ̀ òun náà ń ka Sáàmù sínú omi lẹ́ẹ̀méje, òun á mu díẹ̀, òun á fi ìyókù pa ojú ibẹ̀. Ó gbé ìwé kékeré kan jáde, ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ iṣẹ́ àmúrelé sí. Nínú rẹ̀ ló ti kọ Sáàmù tó wà fún oríṣiríṣi àìsàn: ti ẹ̀fọ́rí, ti àìrọ́mọbí, ti egbò tí kò jinná, ti ọyàn. Ẹnìkan ló dà á kọ fún un, ẹnìkan sì ti dà á kọ fún ẹni yẹn.

"Àǹtí, ẹ lọ sí ọsibítù."

"Wọ́n ti kọ ọ́ pé a ó gbé ọwọ́ lé aláìsàn, ara rẹ̀ yóò sì yá," ló dá mi lóhùn. "Ṣé ìwọ ni wàá wá sọ pé irọ́ ni?"

Bí mo bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ǹ bá bi í pé kí ló ń bà yín lẹ́rù. Ìyá wa wọ ọsibítù tirẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, kò jáde mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó gbé mi lé ẹsẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ pé wọ́n ti kọ ọ́ ni mo gbọ́, ìyẹn nìkan ló sì kù ní etí mi.

Mo padà lọ ní Sátidé kejì. Mo kó ìwé dání bí ẹni ń lọ kọ́ kíláàsì. Mo bá bàbá tó ń darí àdúrà wọn níbẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa yẹ kòkó wò kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ó jókòó láìwọ bàtà, nínú aṣọ funfun tó ti rí omi títí tó fi fẹ́ di aláwọ̀ eérú. Inú mi dùn pé mo bá a. Mo ní kó má lọ.

Mo ṣí Bíbélì tuntun síwájú àwọn méjèèjì. Mo fi ìparí ọ̀kan nínú àwọn Ìhìnrere hàn wọ́n, ibi tí ọ̀rọ̀ gbígbé ọwọ́ léni yẹn wà. Wọ́n fi àmì ká a mọ́, wọ́n sì kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ pé kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù lọ. Mo ṣàlàyé fún wọn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kọ ìwé láyé àtijọ́, bí adàwékọ ṣe lè rí i pé ìparí kò tẹ́ òun lọ́rùn kó sì fi tirẹ̀ sí i. Mo sọ ọ́ dáadáa. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá gbọ́ mi tán. Ó ní, "Bí ojú ìwé tó kẹ́yìn bá ya kúrò lára ìwé, ṣé a ó sọ pé ìtàn náà kò níparí ni?"

"Bàbá, ojú ìwé kankan ò ya. Ẹ̀dà tó pẹ́ jù la ń wí."

"Èyí tó pẹ́ jù tí ẹ rí. Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ èyí tí ẹ ò rí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tí mo ń yẹ kòkó wò, a kì í la gbogbo rẹ̀. A ó fọwọ́ bu díẹ̀ nínú àpò, a ó là á. Bó bá gbẹ dáadáa, a ó gba àpò náà. Mo ti bu tèmi nínú ìwé yìí, mo ti là á, láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ."

"Bí ẹ bá rí èyí tó hu ńkọ́?"

"A ó kà á mọ́ ọn. Àpò tí kò sí èyí tó hu nínú rẹ̀, mi ò rí i rí."

Ìdáhùn tó dára ni. Mo mọ̀ nígbà náà pé ó dára, ìdí sì nìyí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e. Mo gba ìwé kékeré ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí Bàbá náà fún mi ní tirẹ̀. Ó yọ ọ́ lápò, ó ti gbó, wọ́n ti fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Sáàmù tó wà fún ọyàn nínú ti ẹ̀gbọ́n mi, egbò ló wà fún nínú ti Bàbá. Èyí tí Bàbá kọ fún ọyàn kò sí nínú ti ẹ̀gbọ́n mi rárá. Ẹnìkan ti fo ìlà kan nígbà tó ń dà á kọ, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ló sì ti kúrò ní àyè rẹ̀.

"Oṣù mẹ́rin," ni mo wí. "Oṣù mẹ́rin lẹ ti fi ń ka ti egbò. Ìwé tí a dà kọ ní Modákẹ́kẹ́ níbí, lójú ẹni tó ṣì wà láàyè, ẹ wo bó ṣe rí. Ẹ wá ń sọ ti èyí tí wọ́n dà kọ níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dé rí."

Ẹ̀gbọ́n mi tún ìwé méjèèjì wò, ìka rẹ̀ ń lọ láti ìlà dé ìlà bíi ti tíṣà tó ń wá ibi tí ọmọ ti jí ìwé wò. Ojú rẹ̀ yí padà. Bàbá ká ìwé tirẹ̀ padà sápò. Ó ní ẹni tó dà á kọ fún òun ti kú. Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ ò lè sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ má lọ. Mo ti bi yín lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ẹ ti lọ, ẹ ní ẹ ó lọ. Níbikíbi tí wọ́n bá tẹ́ yín sí, a ó wá gbàdúrà níbẹ̀."

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé òótọ́ ni bàbá yìí ń sọ. Kò sẹ́ni tó ń dí i lọ́nà. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì wá ẹsẹ kan sá sí lábẹ́, èmi wá gbé ìwé àti ariwo wá láti lé e kúrò níbẹ̀. Ká ní mo dì í lọ́wọ́ mú ni, ká jọ lọ, ó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé mi. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti fọ́ ọ kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà.

Ó lọ ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ ni, ó sì ti rìn jìnnà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn tó ń gba inú iṣan wọlé, irun orí rẹ̀ re tán. Mo mú un wá sílé mi ní Mayfair kó lè rọrùn fún wa láti máa gbé e lọ gbé e bọ̀. Yàrá tó wà lẹ́yìn, tó kọjú sí igi máńgòrò, ló ń gbé.

Ibẹ̀ ni èyí tó burú jù ti bẹ̀rẹ̀, kò sì jọ ohun tó burú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe dé láti ibi iṣẹ́, ó pè mí. Bíbélì ìyá wa wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, bíró pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dókítà, jókòó. Ó ku ibo?"

"Ó ku ibo báwo?"

"O ní èyí tó wà níparí Ìhìnrere yẹn kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ku ibo tó tún rí bẹ́ẹ̀? Mi ò fẹ́ máa ka ohun tí kò sí níbẹ̀."

Mo jókòó. Mo sọ fún un. Mo ní ìtàn obìnrin tí wọ́n mú nínú àgbèrè yẹn, àwọn ẹ̀dà tó pẹ́ kò ní in. Ó ṣí ibẹ̀, ó fi bíró pupa kọ ẹ́ẹ̀kìsì, àmì àṣìṣe, sí etí rẹ̀, kékeré, mímọ́ tónítóní, bó ṣe ń kọ ọ́ sí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó bi mí nípa Mósè. Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà pé Mósè ló kọ ìwé márùn-ún yẹn. Ó bi mí nípa àwọn ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ìjọ, èwo ló kọ, èwo ni kò kọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó bi mí nípa Dáfídì, mo ní orúkọ rẹ̀ tó wà lókè àwọn Sáàmù, àwọn tó kó o jọ ló fi sí i, ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó kọ wọ́n. Lọ́jọ́ náà ó dé bíró rẹ̀, ó tún ṣí i, kó tó kọ tirẹ̀.

N kò ní purọ́, mo gbádùn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn. N kò ní akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì. Kì í gbàgbé ohunkóhun. Ó ń béèrè ìbéèrè tí àwọn tó ń kàwé gboyè lọ́dọ̀ mi kò tíì béèrè rí. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹni tó fi ìparí yẹn kún un, ṣé òun alára gbà á gbọ́?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Bó bá gbà á gbọ́, kò burú tó irọ́." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó wá ràn mí lọ́wọ́ ní kíláàsì.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó dá mi dúró ní ìdí ìkòkò láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n yín ò gbàdúrà mọ́ o. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn látìgbà tí wọ́n ti dé síbí, ní ìdájí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò gbọ́ ọ mọ́. Kí lẹ ń sọ fún wọn nínú yàrá yẹn?"

"Òtítọ́ ni mò ń sọ. Àwọn ni wọ́n ń bi mí."

"Aláìsàn ni wọ́n," ìyàwó mi wí. "Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n ń wá."

Mo bínú sí i. Mo ní ọmọ ìyá mi ni, kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Títí di òní ojú ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń tì mí.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, àìsàn náà ti dé eegun àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Àwọn dókítà gidi, àwọn tó lè gúnni lábẹ́rẹ́, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, mo sì mọ ohun tí ohùn pẹ̀lẹ́ túmọ̀ sí. Bàbá aládùúrà ń wá ní ọjọ́ Ẹtì bó ṣe ṣèlérí. Ẹ̀gbọ́n mi a dákẹ́ kó gbàdúrà tán, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í gbọ́ àmín lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó máa ń ṣe àmín rẹ̀ kí àdúrà tó parí! Bàbá náà ṣàkíyèsí. Kò wo ojú mi rí nígbà tó bá ń jáde.

Ọjọ́rú kan ló dì mí lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ ti fúyẹ́, kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ ju eegun lọ.

"Dókítà, ẹ̀rù ń bà mí," ló wí. "Wá ẹsẹ kan fún mi tí kò ní ẹjọ́ nínú. Ẹyọ kan ṣoṣo. Èmi a máa wí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́."

Mo ní màá wá a. Mo lọ sílé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá ìwé mi, mo sì jókòó láàárín gbogbo ìwé tí mo ti rà láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ tí mo bá ṣí, mo mọ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń jà sí i, mo mọ ẹni tó ń dá a láre. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi wá a. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí mo rí i pé kì í ṣe pé kò sí ohun rere nínú ìwé náà, èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á láìbá a ṣẹjọ́ mọ́. Mo ti pàdánù rẹ̀ tipẹ́, n kò mọ̀, nítorí pé n kò tíì nílò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo mú Sáàmù kan, èyí tó kúrú, tó tuni lára. Mo jókòó tì í, mo ní, "Àǹtí, mo ti rí i. Èyí ò ní ẹjọ́ kankan nínú."

Ó la ojú. "Ta ló kọ ọ́?"

"Dáfídì ni," mo wí.

Mo sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni mọ ohun tó ń sọ. Ó wò mí. Kò bínú, ìbá sàn fún mi ká ní ó bínú.

"O ti sọ fún mi pé kì í ṣe òun."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ẹlòmíràn wà tó gbà pé òun ni, pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó gbọn orí lórí ìrọ̀rí.

"Mo ti máàkì ẹ̀," ló wí. "Gbogbo èyí tó o sọ ni mo máàkì. Ìwọ ni mo gbà gbọ́. N kò bi ọ́ lọ́jọ́ kan pé ta ló sọ fún ọ."

Mo ní kí n kà á fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má ṣèyọnu, ó yí ojú sí ògiri. Mo jókòó síbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi wá sọ pé àkókò àbẹ̀wò ti tán. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pè mí láti ọsibítù pé ẹ̀gbọ́n mi ti dákẹ́.